Plate carrier tó fúyẹ́ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ wa: èwo ni ká rà?

Ọ̀gá Géètì (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi ni mò ń darí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ oko ńlá kan lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìjẹ̀bú-Òde, àti ilé ìkẹ́rùsí tó wà níbẹ̀. Sìkiọ́rítì wà ní géètì, kò sí ìbọn lọ́wọ́ tiwọn. Àwọn ọdẹ tó níwèé àṣẹ ìbọn ló ń yí inú oko ká lóru. Olóko ti fọwọ́ sí i pé ká ra ẹ̀wù ayẹta. Èyí tá a ní tẹ́lẹ̀, irin ni wọ́n kì sí i níwájú àti lẹ́yìn. Kó tó di aago méjìlá òru, àwọn ọmọ á ti bọ́ ọ kọ́ sẹ́yìn àga. Wọ́n ní ó ń gé àwọn léjìká, ooru sì fẹ́ẹ̀ pa àwọn.

Ẹnì kan wá ń polówó "plate carrier Level IIIA" fún wa, ó ní pélétì ti wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò sì tó kílò méjì. Ẹlòmíì ní irin náà ni ká tún rà, pé òun ló ń tọ́jọ́. Owó kò pọ̀, àmọ́ mi ò fẹ́ ra ohun tí yóò pa ọmọ ọlọ́mọ. Èyí tó fúyẹ́ ni mò ń wá o. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Sájẹ́ǹtì Àná (Abẹ́òkúta)

Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi ti fífúyẹ́ sílẹ̀ ná. Ìbọn wo lẹ̀ ń bẹ̀rù? Tó bá jẹ́ ìbọn ìléwọ́ àwọn ọmọ ìta, ọ̀tọ̀ ni ohun tẹ́ ẹ máa rà. Tó bá jẹ́ AK àwọn ajínigbé, ọ̀tọ̀ gbáà ni. IIIA yẹn, ìbọn ìléwọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ọta AK kò ní fi ojú kan wò ó, inú rẹ̀ ló máa gbà kọjá.

Ẹ sì jẹ́ kó yé yín pé àpò lásán ni plate carrier. Ọ̀rá líle tí wọ́n rán, okùn èjìká méjì, bẹ́líìtì tó gba ìhà yí ká, ó tán. Ohun tí wọ́n bá kì sínú rẹ̀ ló ń dá ọta dúró. Ẹni tó bá ń ta àpò fún yín tí kò lè sọ ẹni tó ṣe pélétì inú rẹ̀, ẹ yáa máa bá tiyín lọ.

Ọmọ Olóògùn (Ọ̀yọ́)

Ẹ̀gbọ́n Sájẹ́ǹtì, bàbá bàbá mi kò wọ kárííà kankan o. Gbérí ló wọ̀, àdó àti ìgbàdí rẹpẹtẹ lára rẹ̀, ìbọn kò sì ràn án títí ó fi kú sórí ẹní 😂 Kílò mélòó ni gbérí?

Sájẹ́ǹtì Àná

Kò sẹ́ni tó bá bàbá yín jà. Àwọn ọdẹ tá a jọ ṣiṣẹ́, wọ́n ń wọ ayẹta ìjọba sábẹ́, wọ́n á wá fi gbérí bò ó. Kò sí èyí tó bínú sí èkejì.

Deputy Àṣàkẹ́ (Houston, Texas)

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́pàá ni mí níbí, ojoojúmọ́ ni nǹkan yìí wà lára mi, ẹ jẹ́ kí n là á fún Ọ̀gá Géètì.

NIJ, àjọ ìwádìí tó wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ Amẹ́ríkà, ló kọ ìlànà tí àwọn tó ń ṣe ayẹta káàkiri ayé ń tọ́ka sí. Èyí tó jáde ní 2008 ni 0101.06. Níbẹ̀, II àti IIIA jẹ́ ti ìbọn ìléwọ́, III àti IV jẹ́ ti ìbọn gígùn. Ní 2023 wọ́n gbé 0101.07 jáde, wọ́n sì yí orúkọ padà: II di HG1, IIIA di HG2, III di RF1, IV di RF3. RF2 tí kò sí tẹ́lẹ̀ wá bọ́ sáàárín. Orúkọ àtijọ́ àti tuntun lẹ máa bá pàdé lọ́jà, ẹ má jẹ́ kó dà yín lójú rú.

Ibi tó kàn yín gan-an rèé. Level III àtijọ́, ọta kan ṣoṣo ni NIJ fi dán an wò: 7.62×51 M80, ọta ńlá ti ìbọn gígùn ológun, tó ń sáré ní nǹkan bíi mítà 847 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọta AK kò sí nínú ìdánwò yẹn rárá. RF1 ló wá fi ọta AK kún un, ìyẹn 7.62×39 tí irin rírọ̀ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú 5.56 M193, ọta tín-ín-rín tí ìbọn bíi M16 ń yìn. Nítorí náà, tó bá jẹ́ AK ni, RF1 ni kẹ́ ẹ bèèrè, tàbí kẹ́ ẹ gba pélétì III tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé àwọn ti yin ọta AK sí i. Tí ẹnì kan bá ní "III+" lòun ń tà, ẹ ní kó fi ìwé hàn yín. Kò sí III+ nínú ìlànà NIJ, àwọn ọlọ́jà ló sọ ọmọ yẹn lórúkọ.

Ó ku ti ìwúwo. Pélétì tó fúyẹ́ jù ni ti pólítíìnì, tí ẹ ń gbọ́ tí wọ́n ń pè ní Dyneema tàbí Spectra. Fọ́nrán rẹ̀ ni wọ́n ń fà gùn, tí wọ́n ń tò lé ara wọn ní ìpele lórí ìpele, tí wọ́n á wá fi ooru àti agbára ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ pọ̀ títí tó fi le bíi pákó. Èyí tó jẹ́ íǹṣì 10 sí 12, tó ń dá ọta ìbọn gígùn dúró, máa ń wà ní kílò kan àbọ̀ tàbí kó lé díẹ̀. Ẹ jù ú sódò, á léfòó. Ti sẹ̀rámíìkì Level IV tó kó gbogbo rẹ̀ já ń tó kílò mẹ́ta. Ti irin ń kọjá kílò mẹ́ta àbọ̀. Méjì méjì sì lẹ máa kì í o, iwájú àti ẹ̀yìn. Pólítíìnì méjì pẹ̀lú kárííà tó fúyẹ́ á wà ní bíi kílò mẹ́rin. Irin méjì á ti sún mọ́ mẹ́jọ kẹ́ ẹ tó gbé wọ́kí-tọ́kí kọ́ ọ.

Pólítíìnì nípọn ṣá, ó ń tó sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ ò lè fi ṣẹ́ẹ̀tì bò ó mọ́lẹ̀.

Onírin (Èkó)

Ẹ jẹ́ kí àwọn ará Amẹ́ríkà máa sọ ti dọ́là. Irin ni baba. Ẹ jù ú láti orí òrùlé, kò ní fọ́. Ó máa wà níbẹ̀ fún ogún ọdún. Pólítíìnì tí wọ́n ń pariwo yẹn, lẹ́yìn ọdún márùn-ún wọ́n á ní ó ti kú, ẹ tún lọ ra òmíì. Ta ló lówó ìyẹn? Mo ń tà á, mi ò fi bò, àmọ́ òótọ́ ni mo sọ.

Deputy Àṣàkẹ́

> Irin ni baba.

Ẹ̀gbọ́n, mi ò bá yín jiyàn lórí owó. Òótọ́ ni, irin kì í fọ́ tó bá já bọ́. Ọdún márùn-ún náà, wáráńtì tí àwọn ilé iṣẹ́ sábà ń fún ni nìyẹn.

Àmọ́ ẹ sọ ìyókù fún àwọn oníbàárà yín. Nígbà tí ọta bá kan irin líle, kì í rì sínú rẹ̀, ńṣe ló ń fọ́ túútúú. Àfọ́kù yẹn á wá fi ojú irin náà ṣe ọ̀nà, á jáde gba ẹ̀gbẹ́: àgbọ̀n, ọ̀fun, apá, itan. Ẹ̀ṣọ́ yín á la ọta já, àfọ́kù á wá bẹ́ ẹ lọ́fun. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe irin dáadáa fi ń da rọ́bà tó nípọn bò ó. Rọ́bà náà fi kún ìwúwo, ọta bíi mélòó kan ló sì ń gbà kó tó ya.

Ohun kejì ni pé eré tí ọta ń sá ni irin ń bẹ̀rù. 5.56 M193 kéré sí M80 dáadáa, síbẹ̀ tó bá jáde lẹ́nu ìbọn gígùn nítòsí, ó lè lu irin AR500, irin líle tí wọ́n sábà fi ń ṣe pélétì, tí M80 kò lè lù. Pólítíìnì, òdìkejì ni tirẹ̀: ó ń gbé M193 mì, ṣùgbọ́n M855 tó ní ṣóńṣó irin lórí ń gba inú ọ̀pọ̀ rẹ̀ kọjá. Nítorí èyí gan-an ni RF2 fi wà, òun ló fi M855 kún ti RF1. Ẹ̀yin lẹ mọ ọta tó pọ̀ ládùúgbò yín. Tó bá jẹ́ ti AK ló pọ̀ jù, RF1 pólítíìnì tó fún yín.

Onírin

Àwa náà ní èyí tí wọ́n fi rọ́bà bò. Owó rẹ̀ ló yàtọ̀.

Tádé Ẹnu-Ọ̀nà (Peckham, London)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kíláàbù níbí, ìbọn kọ́ ló ń já wa láyà, ọ̀bẹ ni. Mo fẹ́ kí Ọ̀gá Géètì gbọ́ eléyìí nítorí mo mọ̀ pé àdá àti ọ̀bẹ kò wọ́n níbẹ̀ yẹn náà. Ẹ̀wù rírọ̀ tó dá ọta dúró, ọ̀bẹ lè gún un. Orí ọta kì í mú. Bó bá ti kan Kevlar, fọ́nrán líle tí wọ́n fi ń hun ẹ̀wù rírọ̀ náà, ó ń fẹjú, fọ́nrán á sì so mọ́ ọn. Ọ̀bẹ ní tirẹ̀ ń wá àárín fọ́nrán méjì, á yà á, ó ti wọlé nìyẹn.

Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ abẹ́lé níbí, ní ìlànà kan tó jáde ní 2017, KR1 àti KR2 ni wọ́n ń pe ti ọ̀bẹ. Fún KR1, wọ́n á fi agbára joule 24 sọ ọ̀bẹ lù ú, ṣóńṣó rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ yọ lódìkejì ju mílímítà bíi mélòó kan lọ. Ayẹta tó jẹ́ ti ìbọn nìkan kò ní kọ KR kankan sára lébẹ̀lì rẹ̀. Èmi ò ní gba ẹ̀wù tí kò ní in bọrùn lóru Sátidé.

Pélétì líle á dá ọ̀bẹ dúró níbi tó bò. Ìhà àti abẹ́ apá ńkọ́?

Amòtẹ́kùn Òkè-Ògùn (Ṣakí)

Gbogbo yín ń sọ ti pélétì, kò sẹ́ni tó sọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́. Mo ti rí ọmọ tó wọ pélétì olówó gọbọi, ìdodo ló fi bò. Kí la ń dáàbò bò níbẹ̀, ẹ̀bà?

Ẹ fi ìka kan kòtò kékeré tó wà láàárín eegun ọrùn méjèèjì, nísàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun. Ibẹ̀ ni etí òkè pélétì gbọ́dọ̀ wà. Ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá lẹ fẹ́ bò. Ìbú rẹ̀, kó lè bo láti orí ọmú kan dé èkejì, ó tó. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ á dúró lókè ìdodo díẹ̀, kéèyàn lè tẹ̀ wò. Pélétì ẹ̀yìn náà á wà ní gíga kan náà, ẹ má jẹ́ kó sọ̀ sí ìbàdí. Ẹ fa okùn èjìká náà kúrú. Èyí tó bá sọ̀ ló ń gé èjìká, òun náà ló ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ téèyàn bá ń sáré.

Tẹ́ ẹ bá ń gun ọ̀kadà bíi tiwa, ẹ jókòó sórí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Pélétì tó bá gùn jù, itan á tì í sókè, á wá máa gún yín lọ́fun ní gbogbo gẹ̀rẹ́jẹ̀gẹ̀rẹ́jẹ̀ ọ̀nà. Èyí tó tẹ̀ kọdọrọ níhà méjèèjì àti lókè máa ń jókòó sáyà ju èyí tó tẹ̀ lọ́nà kan lọ. Ẹ béèrè fún èyí tí wọ́n gé igun òkè rẹ̀ méjèèjì nù pẹ̀lú, kí apá lè gbé ìbọn sókè láìfarakọ.

Àwọn ọmọ yín tí wọ́n ní ó wúwo, ẹ wo ohun tí wọ́n gbé kọ́ ọ. Wọ́kí-tọ́kí, tọ́ọ̀ṣì ńlá, ìgò omi, fóònù méjì, ṣájà. Kò sí kárííà tó máa fúyẹ́ lábẹ́ ìyẹn. Tiwa, wọ́kí-tọ́kí àti tourniquet nìkan la fi sí i, ìyẹn okùn tí wọ́n fi ń fún apá tàbí ẹsẹ̀ pinpin kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà tán. Àyà nìkan ni pélétì bò, itan àti apá wà lóde gbalasa.

Ìbéèrè tèmi: òjò àti òógùn ńkọ́? Ẹ̀wù wa kì í gbẹ láti oṣù Òkudù títí dé Ọ̀wàrà.

Deputy Àṣàkẹ́

Ẹ̀gbọ́n Amòtẹ́kùn, ẹ ṣeun fún ti ìwọ̀n yẹn, mo fẹ́ sọ ọ́ kí n tó rí i pé ẹ ti sọ ọ́ tán.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin kì í ṣe eré. Kevlar tó bá rẹ sómi, agbára rẹ̀ ń dín kù títí á fi gbẹ, oòrùn sì ń jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ọ̀rá tí omi kì í wọ̀. Tí ọ̀rá yẹn bá ti ya, ẹ dá a padà. Ẹ má fi Kevlar sínú omi ọṣẹ láé, ẹ má sì fi búlíìṣì kàn án. Ẹ yọ ọ́ jáde, ẹ fọ àpò, ẹ fi aṣọ tútù nu ojú ọ̀rá náà, kẹ́ ẹ sá a sí ibòji.

Àwa níbí ti rí ohun tí fífúyẹ́ ń fojú ẹni rí. Fọ́nrán kan wà tí wọ́n ń pè ní Zylon, Toyobo ní Japan ló ń ṣe é. Ó tinrin, ó fúyẹ́ ju Kevlar lọ, kí àwọn ọlọ́pàá tó mọ̀ wọ́n ti ń du ú. Ní 2003, wọ́n yìnbọn lu ọlọ́pàá kan ní Forest Hills, Pennsylvania. Zylon ló wọ̀, ẹ̀wù náà ṣì tuntun, ọta ìbọn ìléwọ́ tó yẹ kó dá dúró sì wọ inú rẹ̀ lọ bá ọkùnrin náà lára. Orí ló yọ ọ́, kò kú. Nígbà tí wọ́n wádìí ẹ̀, wọ́n rí i pé ọ̀rinrin ń jẹ fọ́nrán náà díẹ̀díẹ̀ láìfojú hàn. Ní 2005, NIJ yọ gbogbo ẹ̀wù Zylon kúrò lórí ìwé rẹ̀. Nígbà tí 0101.06 dé ní 2008, wọ́n ti fi ìdánwò tuntun sí i: wọ́n á kó ẹ̀wù rírọ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń yí i bírí-bírí fún ọjọ́ 10, nínú ooru 65°C àti ọ̀rinrin ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n tó yìnbọn sí i. Ẹ rántí ojú ọjọ́ tiyín, kẹ́ ẹ bèèrè bóyá ohun tí wọ́n ń tà fún yín gba inú ìdánwò yẹn kọjá.

Pólítíìnì kò ní wàhálà pẹ̀lú omi. Iná ni ọ̀tá rẹ̀. Ó ń yọ́ ní nǹkan bíi 150°C, agbára rẹ̀ á sì ti máa lọ kó tó débẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú búùtù mọ́tò tó ń jẹ oòrùn láti àárọ̀ dé alẹ́, ẹ má fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀.

Sájẹ́ǹtì Àná

Sẹ̀rámíìkì náà ní àìsàn tirẹ̀. Líle rẹ̀ ló fi ń fọ́ ọta, líle yẹn náà ló ń mú un sán tó bá já bọ́ sórí kọnkéré. Ẹ lè má rí i lójú nítorí aṣọ tí wọ́n fi bò ó. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ká fi ọwọ́ méjèèjì di igun rẹ̀ mú, ká lọ́ ọ díẹ̀, ká gbé e sétí. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀ bíi yanrìn, ẹ gbé e sọ́tọ̀. Kò rọ́pò X-ray, àmọ́ ó sàn ju ká máa wò ó níran.

Ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ yín pé ọta tí kò wọlé náà ń dunni. NIJ gbà kí ẹ̀yìn ayẹta wọ inú amọ̀ tí wọ́n gbé e lé dé mílímítà 44, kí wọ́n tó ní ó yege. Ẹ fi rúlà wò ó. Eegun ìhà lè ṣẹ́ pẹ̀lú ìyẹn. Ẹni tí ìbọn bá bà, kódà tó bá ń rẹ́rìn-ín, ilé ìwòsàn ni.

Adérónkẹ́ S. (Ìkẹjà)

Ẹ kú àlàyé o. Sìkiọ́rítì obìnrin ni mí, ilé ìfowópamọ́ ni wọ́n fi mí sí. Kò sẹ́ni tó rántí wa nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀wù kan ṣoṣo ló wà ní ibi iṣẹ́, ẹni tó ṣe òru á bọ́ ọ fún ẹni tó gba àárọ̀. Ẹ fojú inú wo òórùn rẹ̀. Ti ọkùnrin tó sígbọnlẹ̀ ni wọ́n rà, tí mo bá wọ̀ ọ́, pélétì á jókòó lórí ọmú, àyè á ṣí sílẹ̀ lókè àti lábẹ́ apá, mi ò sì ní lè mí kanlẹ̀. Mo sọ fún sùpáfáísọ̀, ó ní kí n fún un mọ́ra. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yín ń ṣe é ni?

Deputy Àṣàkẹ́

Àǹtí mi, ẹ má fún nǹkankan mọ́ra. Ẹ̀wù rírọ̀ tí wọ́n gé fún obìnrin wà, ẹ ní kí wọ́n ra tiyín. 0101.07 tún bí wọ́n ṣe ń dán ti obìnrin wò ṣe pàápàá, nítorí ibi tí wọ́n ti ká aṣọ náà kó lè ṣe kókó láyà kì í rí bákan náà pẹ̀lú ibi tó tẹ́. Ní ti pélétì líle, ẹ wá èyí tó kéré, tó sì tẹ̀ káàkiri. Èmi gan-an, ti íǹṣì 10 sí 12 tóbi jù fún mi, mi ò wọ̀ ọ́.

Pé kí ènìyàn méjì máa pín ẹ̀wù kan, ìyẹn gan-an ni kì í jẹ́ kó bá ẹnikẹ́ni mu. Ó kéré tán kí wọ́n ra àpò méjì fún pélétì kan, kí olúkúlùkù ní èyí tó ti wọn okùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọ Olóògùn

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Atlanta. Ṣé kò lè ra méjì tàbí mẹ́ta kó kì í sínú dírọ́ọ̀mù pẹ̀lú ìrẹsì àti bàtà? Ó máa dínwó.

Deputy Àṣàkẹ́

Àbúrò, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín ṣẹ̀wọ̀n. Pélétì tó ń dá ọta ìbọn gígùn dúró wà lára ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣọ́ bó ṣe ń jáde. Ẹni tó bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sílẹ̀ òkèèrè á gba ìwé àṣẹ kó tó ṣe é. Àwọn tó fi í pamọ́ sáàárín ẹrù ti fojú ba ilé ẹjọ́.

Sájẹ́ǹtì Àná

Lọ́dọ̀ tiwa náà ńkọ́? Tó bá dé èbúté, Kọ́sítọ́ọ̀mù á béèrè End User Certificate, ìwé tó ń sọ ẹni tó máa lò ó, ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn lórí Ètò Ààbò Orílẹ̀-èdè ló ń fọwọ́ sí i. Ọ̀gá Géètì, ẹ gba ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó níwèé. Proforce ní Òde-Rẹ́mọ kò jìnnà sí yín, mọ́tò ayẹta ni wọ́n fi lórúkọ, ẹ lè béèrè ti ẹ̀wù lọ́wọ́ wọn. Kí ilé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ yín sì fi tó NSCDC (Sífú Dìfẹ́ǹsì) létí, àwọn ló ń mójú tó sìkiọ́rítì aládàáni.

Àwọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ẹ ra dúdú tàbí búlúù. Ẹ má ra èyí tó ní àmì aṣọ sójà láé, bó ti wù kó rẹwà tó. Sójà tó bá rí i lára ọmọ yín ní ṣẹ́kípọ́ìǹtì kò ní béèrè Level.

Ọ̀gá Géètì

Ẹ ṣeun gidi gan-an. Mo ti lọ bá ẹni tó ń ta IIIA yẹn. Mo ní kó jẹ́ kí n tú u wò, ó ń lọ́ra. Mo ṣí fẹ́kírò abẹ́ rẹ̀, mo fa pélétì jáde. Dúdú ni, ó rí gẹ́gẹ́ bí pélétì ṣe ń rí, ó tẹ̀ dáadáa. Kò sí lébẹ̀lì lára rẹ̀: kò sí orúkọ ilé iṣẹ́, kò sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, kò sí nọ́ńbà. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó wọlé. Mo gbé ọwọ́ kúrò, ó padà sípò. Fóòmù ni! Ọkùnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kó o dé fún òun.

Tádé Ẹnu-Ọ̀nà

Háà! Ti eré ìbọn oníke ni wọ́n tà fún yín yẹn. Àwọn ọmọdé àti àgbà ń wọ̀ ọ́ ṣeré níbí kó lè dà bíi ti sójà. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì kún fún un. Àpò yẹn gan-an lè dára o, fóòmù inú rẹ̀ ni ikú.

Deputy Àṣàkẹ́

Ẹ káre tí ẹ tú u wò. Lára pélétì gidi, ẹ máa bá orúkọ ẹni tó ṣe é, irú rẹ̀, ìpele rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, nọ́ńbà, àti ojú tó gbọ́dọ̀ kọ sí ọta. Ẹ wo ojú yẹn dáadáa, ọ̀pọ̀ ń ki sẹ̀rámíìkì lódì. Tó bá kọ "ICW", ó túmọ̀ sí pé àfi tẹ́ ẹ bá wọ ẹ̀wù rírọ̀ sábẹ́ rẹ̀ ló tó lè dé ìpele yẹn. "Stand alone" lè dá dúró. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sórí ìkànnì NIJ, àkọsílẹ̀ àwọn tó yege wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ wá irú rẹ̀ gan-an, kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan.

Onírin

Ẹ jọ̀ọ́, èmi ò ta fóòmù fún ẹnikẹ́ni rí o.

Ọ̀gá Géètì

Ẹ̀gbọ́n Onírin, kò sẹ́ni tó pè yín 😂

Ohun tí mo fẹ́ gbé lọ síwájú olóko rèé. Àwọn ọdẹ tó ń wọ inú oko, àwọn ló lè bá AK pàdé: pólítíìnì RF1 tó lè dá dúró, nínú kárííà dúdú tí kò ní ìgbékọ́ púpọ̀. Àwọn ti géètì: ẹ̀wù rírọ̀ HG2 tó ní ti ọ̀bẹ pẹ̀lú, kí wọ́n lè wọ̀ ọ́ mọ́jú láìbọ́ ọ. Pélétì RF1 méjì á wà nínú ilé ẹ̀ṣọ́, nínú kárííà tí wọ́n á kàn gbé wọ̀ lé e lórí tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Tourniquet fún gbogbo wọn. Ó ṣeé ṣe kí owó má tó fún gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí kò bá tó, ta ni kí n kọ́kọ́ fún?

Amòtẹ́kùn Òkè-Ògùn

Àwọn ọdẹ. Àmọ́ ẹ wí fún àwọn ti géètì pé tí wọ́n bá gbọ́ AK, ẹ̀wù tó wà lára wọn kì í ṣe ti ìyẹn. Ẹ̀yìn ògiri bíríkì tó kún ni kí wọ́n sá sí, kí wọ́n pe ọlọ́pàá.

Deputy Àṣàkẹ́

Bí àwa náà ṣe ń ṣe é nìyẹn. HG2 wà lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi, kárííà wà nínú mọ́tò. Lẹ́yìn ìjà ìbọn North Hollywood ní February 1997 ni ojú ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá níbí là sí i: àwọn olè méjì gbé ìbọn gígùn, wọ́n wọ ayẹta, àwọn ọlọ́pàá tó kọ́kọ́ débẹ̀ ní ìbọn ìléwọ́ àti ẹ̀wù rírọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi gbígbé e wọ̀ dánra wò nínú òkùnkùn, láìtan tọ́ọ̀ṣì.

Adérónkẹ́ S.

Ọ̀gá Géètì, ṣé obìnrin wà nínú àwọn ti géètì yín?

Ọ̀gá Géètì

Méjì ni wọ́n. Ọ̀la ni mò ń gbé téèpù lọ, ẹnì kọ̀ọ̀kan la máa wọ̀n. Àǹtí Àṣàkẹ́, fún àwọn obìnrin, ibo sí ibo ni kí wọ́n ti wọn ara wọn?

Deputy Àṣàkẹ́

Ìyípo àyà níbi tó ti tóbi jù, ìyípo abẹ́ ọmú, ìyípo ìkùn lókè ìdodo, kí wọ́n wá jókòó, kẹ́ ẹ wọn láti kòtò ọrùn dé orí bẹ́líìtì. Ti ìjókòó ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ o, má jẹ́ kí wọ́n wọn ti ìdúró. Kí àwọn fúnra wọn di téèpù mú.